Ìrìn-àjò láti Toronto dé pápákọ̀ òfurufú Billy Bishop: ìsọdá omi ni kí ẹ kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé pápákọ̀ òfurufú Billy Bishop, tó wà ní erékùṣù nínú adágún Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, kò jìnnà sí àárín ìlú Toronto ju nǹkan bíi kìlómítà 2.5 lọ, àti pé omi tó là wọ́n láàárín kò fẹ̀ ju mítà 121 lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti pinnu pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó òun. Kò lè tó o! Ẹ fi kìlómítà sílẹ̀, ìsọdá omi ni kí ẹ kà. Mo tún un sọ: ÌSỌDÁ OMI NI KÍ Ẹ KÀ!

Ó dà bí ilé aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo pààlà pẹ̀lú tiyín: ẹ ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde síta, kí ẹ rìn yí ilé po, kí ẹ tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Pápákọ̀ yìí ní ilẹ̀kùn méjì.

Èkíní ni ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá ti gbéra, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ péré ni ó fi ń sọdá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 15 ló wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì. Bí ẹ bá dé etí omi nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yín ti lé ní 16 nìyẹn! Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n ka àkókò tí ọkọ̀ fi ń rìn, wọn kò ka èyí tí àwọn fúnra wọn fi ń dúró.

Èkejì ni ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2015. Inú àpáta tó wà lábẹ́ adágún ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 260, èyí tó ju ìlọ́po méjì ìbú omi náà lọ. Ní ìhà ìlú, ẹ̀rọ agbéniròkè yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó ń rìn yóò máa gbé ẹsẹ̀ yín lọ bí ẹ ṣe ń fa àpótí yín. Ní ìhà erékùṣù, àtẹ̀gùn tó ń gùnkè fúnra rẹ̀ yóò gbé yín jáde. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ẹ kò sì ní dúró de ọkọ̀ kankan. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí mo bá ń kánjú, abẹ́ ilẹ̀ ni tèmi. Bí àyè bá wà, mo fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé ilé gogoro CN Tower, tó ga ní mítà 553, máa ń hàn ketekete.

Ẹ má wá afárá kankan, nítorí pé kò sí. Ọdún 2003 ni David Miller dìde tako afárá tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, tó sì wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú, ìgbìmọ̀ ìlú sì fagi lé e.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún pápákọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. YTZ ni ti erékùṣù. YYZ ni ti Pearson, pápákọ̀ òfurufú Toronto mìíràn, tó jìnnà sí àárín ìlú ju 20 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá gbé YYZ dé etí adágún yóò ní láti padà sí Union Station, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà ní àárín ìlú, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rin ìṣẹ́jú 25 kí ó tó dé ibi tí bàálù rẹ̀ wà.