Omi Ni Wọ́n Ń Dà Nù: Iṣẹ́ Sírọ́ọ̀pù Maple Látijọ́ àti Lónìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Toronto tàbí Montreal á ti rí ìgò sírọ́ọ̀pù maple rí, ohun dídùn bí oyin tí wọ́n ń fi oje igi ṣe. Owó rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn dà á sórí búrẹ́dì bó ṣe wù ú. Kí ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Omi ni. Nínú oje tí igi maple ń sun, ìdá 2 péré nínú 100 ni ṣúgà. Kí wọ́n tó rí lítà 1 sírọ́ọ̀pù, wọ́n á gbe nǹkan bíi lítà 40 oje, wọ́n á sì wá bí wọ́n ṣe máa lé omi ibẹ̀ lọ. Wọn kì í fi ṣúgà tàbí adùn mìíràn kún un. Gbogbo ọgbọ́n táwọn èèyàn ti dá sí iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n àtilé omi ni.

Ìlà oòrùn Kánádà àti ti Amẹ́ríkà, bíi Quebec, Ontario, Vermont àti Maine, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, omi á máa dì lóru, á sì máa yọ́ lọ́sàn-án. Ìyẹn ló ń ti oje jáde nínú igi. Adẹ́mu ilẹ̀ wa lè rí ẹmu dá lójò lẹ́ẹ̀rùn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ́dún ni onímaple ní. Tí igi bá ti ń rúwé, adùn oje yí padà nìyẹn. Igi náà kò sì ṣeé kán lójú: ó máa ń tó nǹkan bí 40 ọdún kó tó sanra tó èyí tí wọ́n lè lu ihò sí lára.

Àwọn onílẹ̀, bí Anishinaabe, Abenaki àti Haudenosaunee, ló ni iṣẹ́ yìí kí òyìnbó tó dé. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí oje ń kán sí. Ṣúgà gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń ṣe, torí òun ló ṣeé tọ́jú. Ní 1755, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan, James Smith, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ó kọ ohun tó rí lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dún kan, wọn ò ní ìkòkò ńlá lọ́wọ́. Àwọn obìnrin bá da oje sínú ohun èlò fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí kò jìn, wọ́n fi sílẹ̀ kó dì, wọ́n wá fọ́ yìnyín tó wà nínú rẹ̀, wọ́n dà á nù. Smith bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe ṣúgà ni wọ́n ń dà nù báyìí. Wọ́n ní rárá o, omi ni, ṣúgà kì í dì. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á po ṣúgà yẹn mọ́ ọ̀rá béárì, wọ́n á máa fi ẹran àgbọ̀nrín sísun kàn án. Èmi ò mọ̀ bóyá màá lè jẹ ẹ́.

Òyìnbó gbé ìkòkò irin dé, iná igi sì gba iṣẹ́ náà. Ní 1791, dókítà Benjamin Rush kọ lẹ́tà sí Thomas Jefferson, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, pé kí wọ́n máa ṣe ṣúgà maple, kí ọjà ṣúgà ìrèké tí àwọn ẹrú ń ṣe ní erékùṣù Karíbíà lè kú. Àwọn èèyàn tiwa náà ṣì ń bọ̀ wá kún oko ìrèké Kúbà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Jefferson gbin maple sí oko rẹ̀ ní Virginia, igi náà kò ṣe dáadáa. Ẹ má gbàgbé pé ẹrú kún oko Jefferson fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pa ìkòkò tì, wọ́n ń lo agbada pẹlẹbẹ tí omi ti ń tètè gbẹ. Bí oje bá ń hó tó ń ru sókè, bọ́tà bíńtín ni wọ́n ń kán sí i, ìfófòó á sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá gbóná dé nǹkan bíi dígírì 104, ó ti di sírọ́ọ̀pù.

Lónìí, garawa ti ń dín kù nínú igbó. Páìpù rọ́bà ni wọ́n so láti igi dé igi, ẹ̀rọ sì ń fa oje wá sílé. Láti bí ọdún 1970 wá ni ẹ̀rọ kan ti wà tó ń fi agbára ti oje mọ́ asẹ́ tó dí pinpin: omi á kọjá, ṣúgà á kù sẹ́yìn. Ó lè yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi náà kí wọ́n tó dáná rárá. Lójú tèmi, iṣẹ́ àwọn obìnrin tí Smith rí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, láti lé omi láìdáná.

Quebec nìkan ló ń ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 sírọ́ọ̀pù maple ayé. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ máa ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sínú àgbá, nítorí ọdún tí oje kò bá pọ̀. Láàárín 2011 sí 2012, àwọn olè fa nǹkan bíi 3,000 tọ́ọ̀nù lọ níbẹ̀. Kí wọ́n má bàa tètè fura, omi ni wọ́n rọ dí àwọn àgbá kan! Nígbà tí ẹni tó wá ka ẹrù gun orí àwọn àgbá náà, ọ̀kan mì lábẹ́ rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó ṣubú: òfìfo ni. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà pàṣẹ pé kí olórí àwọn olè náà san ju mílíọ̀nù 9 dọ́là Kánádà lọ.