“Ìwọ Ta Nìyẹn?”: Ohun Tí Òkùnkùn Ń Bi Wá

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ibi tí àkókò ti ká mi mọ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Alága ní wákàtí kan ni mo ní, n ó gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, kò síná, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà nínú ilé á ní, “Ta nìyẹn?” Ti ìta á ní, “Èmi ni.” Kí ni ti inú ilé máa ń sọ tẹ̀ lé e?

(Gbogbo gbọ̀ngàn: “Ìwọ ta?”)

Ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ilé ìwé. Gbogbo wa la mọ̀ pé “èmi ni” kì í ṣe ìdáhùn. Ta ni kì í ṣe “èmi”? Olè pàápàá, “èmi” ni. Àfi tó bá ní, “Èmi Àjọkẹ́ ni, ọmọ Ìyá Aláṣọ,” kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Àwọn baba wa ní, “Òru ò mọ olówó, ló dífá fún ‘ìwọ ta nìyẹn?’” Orí òwe yìí ni mo dúró lé lónìí, n ó sì máa padà síbẹ̀ títí alága á fi ní kí n jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Òkùnkùn kì í ṣe òfìfo. Ìbéèrè ni. Òun ló ń bi ọmọ aráyé pé “ta nìyẹn?”, àwa sì ń dá a lóhùn láti ọjọ́ yìí pé “èmi ni”, a ò tíì dárúkọ.

Kí ló dé tí òru ò fi mọ olówó? Inú ẹyinjú wa ni ìdáhùn wà. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán, òun ló ń mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ìkejì ni ti òru. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín ti tó o, ṣùgbọ́n kò mọ àwọ̀ rárá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ti òru nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kó léèsì olówó gọbọi àti àǹkárá ọjà sójú kan lábẹ́ ìràwọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó pupa, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwọn tó pa òwe yẹn ò rí sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì fi sí ẹnu ọ̀nà níbi tó ti wúlò.

Sẹ́ẹ̀lì òru yìí kì í tètè jí. Ó tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó la ojú tán. Kí sì ni à ń ṣe bí iná bá lọ? Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la ti na ọwọ́ sí fóònù, a tan tọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yẹn tún sùn padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jókòó síbí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, wọn ò tíì fi ojú òru wọn ríran rí. Ó ń dùn mí, mi ò ní fi bò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti múná lọ, ìta ni gbogbo ilé ń lọ. Wọ́n á tẹ́ní, ìyá àgbà á jókòó, àlọ́ á bẹ̀rẹ̀. “Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn. Kí ni o?” Imú ni. Ẹ rò ó wò: inú òkùnkùn nìkan lèèyàn ti lè hun irú àlọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, tó ń gbọ́ bí àwọn tó sùn tì í ṣe ń mí, òun ló lè mọ̀ pé imú kì í sùn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní Los Angeles, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná lọ káàkiri ìlú. Àwọn èèyàn sá jáde pẹ̀lú aṣọ oorun, wọ́n gbójú sókè, ẹ̀rù mìíràn tún bà wọ́n. Ojú ọ̀run kún fún nǹkan tí wọn ò rí rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibùdó ìwòràwọ̀ tó wà lórí òkè ìlú náà lórí fóònù, wọ́n ń bèèrè bóyá ilẹ̀ tó mì ló sọ ojú ọ̀run dà bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ tó ti wà lórí òrùlé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èkó náà ti ń dà bẹ́ẹ̀. Bóyá Ìbàdàn náà.

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ ọdún márùn-ún lè bi ìyá rẹ̀: kí ló dé tí òru fi dúdú? Ẹ máa ní, “Oòrùn ti wọ̀ ni.” Irú “èmi ni” nìyẹn o! Òótọ́ ni pé oòrùn ti wọ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, oòrùn ni òun náà, ọ̀nà rẹ̀ ló jìn. Agbo ìràwọ̀ tí a wà nínú rẹ̀ yìí nìkan, ìràwọ̀ ibẹ̀ kò dín ní bílíọ̀nù 100, agbo mìíràn sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ẹ wá bá mi dúró láàárín igbó kìjikìji. Ẹ wo iwájú, igi ni. Ẹ wo ẹ̀yìn, igi ni. Àlàfo tó wà láàárín igi méjì tó sún mọ́ yín, igi tó jìnnà ló dí i, àlàfo tó kù lẹ́yìn ìyẹn, igi tó tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dí i. Bí igbó náà bá gbòòrò tó, kò síbi tí ẹ lè kọjú sí tí ojú yín ò ní kan igi. Tóò. Bí ọ̀run ò bá lópin, tí ìràwọ̀ sì ti ń tàn láìníbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí lókè. Ibikíbi tí a bá wò, kí ojú wa kan ìràwọ̀, kí gbogbo ojú ọ̀run máa dán bí ojú oòrùn tọ̀sán-tòru. Kò yẹ kí òru wà rárá. Heinrich Olbers, dókítà kan ní Jámánì tó jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá tọ́jú aláìsàn tán ló ń wo ìràwọ̀, kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1823. Àwọn mìíràn ti béèrè ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

Ohun tó tú u ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn ni, kì í ṣàdédé dé. Kìlómítà 300,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó ń pẹ́ lọ́nà. Ti òṣùpá ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti oòrùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Agbo ìràwọ̀ Andromeda, tí ojú lásán lè rí níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú gan-an, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà fún bíi mílíọ̀nù ọdún 2.5. Nígbà tó gbéra, kò tíì sí ẹni tó jọ wá lórí ilẹ̀ ayé. Àgbáálá ayé fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ gùn ju ohun tó lè rìn láàárín iye ọdún wọ̀nyẹn, kò tíì dé. Àlàfo dúdú tí ẹ ń rí láàárín ìràwọ̀ méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ṣì wà lọ́nà ló ni ibẹ̀. Ká ní ìràwọ̀ ti ń tàn láìníbẹ̀rẹ̀ ni, òru ò ní sí. Òru ló ń jẹ́rìí pé gbogbo rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní níta, ẹ̀rí yẹn ló ń wò, kò ra awò kankan, kò sanwó ilé ìwé.

Ibí ni èmi àti àwọn kan ti ń jà. Wọ́n máa ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí sí wa létí bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Wọ́n á ní oòrùn lè gba ayé wa bíi mílíọ̀nù 1.3 sínú, nítorí náà ènìyàn ò já mọ́ nǹkan kan. “Nítorí náà” yẹn ni mi ò gbà! Ta ló sọ fún wọn pé ìtóbi ni iyì? Bí ìtóbi bá jẹ́ iyì, erin ni à bá fi jọba. Ẹ rántí òwe tí ẹ̀yin àgbà mọ̀: “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni; Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.” Àgùàlà yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus. Lójú wa, oṣù fẹ̀, Àgùàlà rí tíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ̀n wọ́n wò: òṣùpá fẹ̀ tó kìlómítà 3,474, Àgùàlà fẹ̀ ju 12,000 lọ. Ẹni tí wọ́n pè lájá fi ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tí wọ́n pè lólówó rẹ̀. Ibi tí èèyàn dúró sí ló fi ń wọn nǹkan. Oòrùn ò sì mọ̀ pé òun tóbi. Àwa táa dúró nínú òkùnkùn la wọ̀n ọ́n.

Alága ti na ìwé pélébé sí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fo ọ̀rọ̀ aró àti ẹlú, ẹ bá mi rántí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ti ẹyẹlé nìyí, kíákíá. Ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, ní eríàlì rédíò ńlá kan ní New Jersey tó ń kùn ṣáá, apá ibi yòówù kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí. Wọ́n bá ẹyẹlé nínú rẹ̀, wọ́n lé wọn, wọ́n nu ìgbẹ́ wọn kúrò, kíkùn náà ò dá. Ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe ni, tó ti fà gùn bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀, débi tí ojú wa ò fi lè rí i mọ́, eríàlì rédíò ló kù tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1978 ni wọ́n fi gbà. Ìyẹn ni pé ibi tí ojú wa ń pè ní dúdú kún fún ìmọ́lẹ̀ arúgbó.

Àwọn oníwàásù tí gbogbo aburú ayé ń jẹ́ “agbára òkùnkùn” lẹ́nu wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n. Inú òkùnkùn nirúgbìn ti ń la. Inú òkùnkùn ni gbogbo wa ti lo oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó bí wa…

Ibí ni màmá kan ti dìde láàárín èrò. Kò dúró de ẹni tó ń gbé gbohùngbohùn kiri.

“Tíṣà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Òkùnkùn tí ẹ ń yìn yìí, mo ti gbẹ̀bí nínú rẹ̀. Mo fi eyín mú tọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọmọ. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ ti wálẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ò dá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti ń kú lọ. Mi ò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Mò ń fọwọ́ wá a, mò ń fọwọ́ wá a. Kí wọ́n tó rí epo fún jẹnẹrétọ̀, ó ti kú. Ẹ sọ fún mi, tíṣà. Kí ni òkùnkùn yẹn bi í léèrè?”

Mo pa ìwé mi dé. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń da nǹkan méjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òru ni ti ojú ọ̀run, kò sẹ́ni tó ṣe é. Àìsí iná ní yàrá ìgbẹ̀bí kì í ṣe òru. Èèyàn ló ṣe é, èèyàn ló sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àwọn alẹ́ tí mo ń yìn, táa tẹ́ní síta táa ń pa àlọ́, obìnrin kan ń rọbí níbì kan nínú àìsí iná kan náà. Mi ò rántí rẹ̀ rí, àfi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Màmá ò tíì jókòó. “Mi ò ní kí ẹ bẹ̀ mí. Mo ní kí ẹ dáhùn.”

Mo bi wọ́n léèrè pé, “Mà, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa ń fún aláboyún, kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Irin ni. Áyọ́ọ̀nù.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irin yẹn, ilẹ̀ ayé kọ́ ló ṣe é, oòrùn wa náà ò lè ṣe é. Àwọn ìràwọ̀ tó ti kú kí wọ́n tó dá oòrùn ló ṣe é, oòrùn sì ti lo nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.6. Wọ́n bú gbàmù, irin fọ́n ká inú òkùnkùn, inú òkùnkùn yẹn ló ti kóra jọ di ayé. Èyí tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju bíi gíráàmù mẹ́rin lọ. Òun ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé èémí kiri ara. Èémí tí Káńbó tí kì í sùn ń fà wọlé, ọwọ́ irin yẹn ló ń bọ́ sí. Ọmọ tó yè lóru ọjọ́ náà, ara ìyá rẹ̀ ló ti gba irin tirẹ̀, kí ìyá náà tó lọ. Bí òru bá bi ọmọ yẹn pé “ìwọ ta?”, ó ní ẹni tó lè dárúkọ.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Èyí tó dà sílẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀, Mà. Irin kì í tán. Omi tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ yàrá ló gbé e lọ, ilẹ̀ ló sì gbà á.”

“Èmi ni mo fọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yìnkùlé ni mo da omi náà sí. Igi ìbẹ́pẹ kan wà níbẹ̀.”

Wọ́n jókòó.