Taaooma: Ẹnìkan Péré, Odindi Ìdílé

Ìyá ń pariwo láti ilé ìdáná. Ọmọ jókòó sí pálọ̀, ó ń kùn dáhùn. Kó tó parí gbólóhùn rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ti dé etí: gbàó! Ẹ ti mọ ẹni tí mò ń sọ, Taaooma ni, aláwàdà tó ń ṣe fídíò kéékèèké sórí Instagram. Ẹ wá gbọ́ o: ẹni tó fọ́ ọmọ létí yẹn náà ni ọmọ tí wọ́n fọ́ létí. Bí bàbá bá sì wọlé tó bi wọ́n pé kí ló dé, òun náà ṣì ni.

Maryam Apaokagi ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara ni, ọdún 1999 ni wọ́n bí i, ó sì gbé ilẹ̀ Namibia nígbà èwe rẹ̀. Èmi máa ń rò ó pé ẹni tó ti gbé àárín àwọn tí kì í sọ èdè ìyá rẹ̀ ló máa ń gbọ́ ohùn ìyá Yorùbá yéké, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn.

Kwara State University ní Màlété ló ti kàwé, ẹ̀kọ́ nípa ìrìn-àjò àti ìgbafẹ́ ló sì kà. Kì í ṣe tíátà o! Abula, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó padà di ọkọ rẹ̀, ló mú un mọ iṣẹ́ gígé fídíò àti lílẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígé yìí, torí òun ló sọ ẹnìkan di ìdílé.

Àwọn aláwàdà ayé ọjọ́un, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó. Moses Ọláìyá, Baba Sala wa, ẹgbẹ́ Aláwàdà ló ń darí: òṣèré, onílù, ọkọ̀ tó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ́ rí irú èyí kó jọ níbo? Ọ̀rẹ́ tó ṣèlérí aago mẹ́rin lè yọjú ní aago mẹ́fà, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ara ẹni nìkan ni kì í pẹ́ dé.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe irú fídíò ẹlẹ́nìkan bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ gbé fóònù sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ mì. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá tán: ìborí lórí, ìró láyà, ojú tó kọ sí ọ̀tún. Láàárín gbólóhùn kan sí òmíràn, ẹ dákẹ́ bíi pé ẹnì kan ń dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ kọjú sí òsì, kí ẹ wá máa bẹ ìyá tí kò sí níbẹ̀. Bí ojú bá ṣìnà díẹ̀ báyìí, òǹwòran á rí i pé àwọn méjèèjì ò wo ara wọn. Oòrùn náà kì í dúró deni: ojú ìyá á mọ́lẹ̀ kedere, tọmọ á ṣú dùdù. Ká má tilẹ̀ sọ ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, tó máa ń mọ ìgbà tí èèyàn fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìfọ́tí yẹn ló wá le jù. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọwọ́ ìyá gbéra, ó jáde kúrò lójú kámẹ́rà, kò kan nǹkan kan. Nínú ìkejì, orí ọmọ ti ń yí lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì fi ariwo "gbàó" lé ojú gígé náà gẹ́lẹ́. Bí ariwo bá fi pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rín kú nìyẹn. Etí ló ń tan ojú jẹ níbẹ̀.

Àkókò náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Instagram gba fídíò láyè ní oṣù Kẹfà 2013, ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré ni. Ní oṣù Kẹta 2016, wọ́n sọ ọ́ di 60. Nínú ìṣẹ́jú kan, kò sáyè fún "ẹ kú ilé, ẹ kú àtijọ́". Inú ìyá gbọ́dọ̀ ti ń bí i kó tó wọlé. Èyí rọrùn fún wa, torí ta ni kò mọ ìyá tó máa pè ọ́ láti yàrá kejì kó o wá gbé rìmóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un?

Bí ẹ bá ní lílu ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyá ni àwọn fídíò yẹn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, òkìkí rẹ̀ ti kàn. Irú òkìkí yẹn ló ń mú àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ polówó ọjà wá bá àwọn aláwàdà bíi tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó gidi wà, torí nígbà náà, èèyàn lè wo fídíò lórí Instagram títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan wọ àpò ẹni tó ṣe é. Ní 30 oṣù Kẹta 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Àwọn eléré tó nílò èrò púpọ̀ jókòó sílé. Ẹni tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ìyá, tó tún jẹ́ bàbá àti ọmọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọdá títì wá bá a.

Ẹ lọ wo ọ̀kan nínú fídíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí, kí ẹ pa ohùn rẹ̀. Ẹ máa wo ojú nìkan, kí ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n gé e kí ìfọ́tí àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sísàlẹ̀ fún mi.