Ancelotti, Baggio àti Pirlo: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn kóòṣì kéékèèké sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin kóòṣì wa. Carlo Ancelotti la fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí Champions League márùn-ún tó gbà, ìyẹn ti hàn sí gbogbo yín. Ibi tó ti ṣìṣe ni mo fẹ́ ká lọ.

Ọmọ àgbẹ̀ ni, Reggiolo ní àríwá Ítálì ni wọ́n bí i sí ní 1959. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Parma, ó lọ Roma, orúnkún sì dà á láàmú débi pé kò lè bá wọn lọ sí World Cup 1982 tí Ítálì gbà. Ní 1987 Arrigo Sacchi, kóòṣì Milan, ṣáà takú pé kí Milan ra Ancelotti pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n rà á, wọ́n sì gba European Cup, ìyẹn Champions League ayé ìgbà yẹn, ní 1989 àti 1990. Ọ̀dọ̀ Sacchi ló ti kọ́ 4-4-2: mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú, gbogbo wọn á jọ sún síwájú jọ sún sẹ́yìn bíi pé okùn kan ló so wọ́n pọ̀.

Nígbà tó fi máa di kóòṣì Parma ní 1996, 4-4-2 ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Gianfranco Zola tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn stráíkà, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ òsì, Zola bá kó ẹrù ẹ̀ lọ Chelsea. Ní 1997 Roberto Baggio fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn stráíkà lòun náà fẹ́ máa ṣe, Ancelotti ní rárá, kò sáyè ẹ̀ nínú 4-4-2 òun. Baggio gba Bologna lọ, ó sì gbá góòlù 22 wọlé nínú líìgì. 22, ẹ gbọ́ o! Ancelotti fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé òun ṣìṣe, èmi sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an torí ìyẹn, kóòṣì mélòó ló máa ń gbà?

Ẹ wá wo ohun tó ṣe nígbà tó di kóòṣì Milan. Nọ́ńbà 10, ìyẹn ẹni tó ń ṣe lẹ́yìn stráíkà, ni Andrea Pirlo, kò sáré, kò tóbi, Rui Costa sì ti wà níwájú, lẹ́yìn náà Kaká tún dé. Dípò kó lé e lọ, ó fà á sẹ́yìn, ó fi í síwájú Nesta àti Maldini tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn gan-an, ó wá ní kí Gattuso máa bá a sáré, kí Seedorf wà lápá kejì. Pirlo á ti yíjú wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́sẹ̀, ó ti mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Wọ́n gba ife Champions League 2003 lọ́wọ́ Juventus. Ní Istanbul 2005 wọ́n ti na Liverpool 3-0 kí wọ́n tó lọ sinmi, Liverpool dá gbogbo ẹ̀ padà, Milan sì pàdánù ẹ̀ sí pẹnáritì, ó dùn mí títí dòní. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ní Athens, Liverpool kan náà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, Pirlo gbá fríkíìkì, bọ́ọ̀lù ba Inzaghi lára, ó wọlé.