Bí a ṣe ń yẹ rìfọ́fà tó ti gbó wò kí a tó yìn ín

Ẹ káàbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé rìfọ́fà, ìbọn ọwọ́ tó ń kó ọta sínú sìlíńdà tó ń yí, kì í há. Irọ́ ni, ó ń há. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ, ẹni tó ni ín kò sì ní fura títí ọjọ́ tí kò ní dún.

Ẹ kọ imú ìbọn sí ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí ẹ ṣí sìlíńdà. Ẹ wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọta kankan kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣe èyí.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni bí sìlíńdà ṣe ń yí. Ẹ pa á dé. Ẹ fi ìka kan dá a dúró fẹ́ẹ́rẹ́ bíi bíréèkì, kí ẹ fi àtàǹpàkò fa hámà, irin ẹ̀yìn tó ń lu ọta, sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ gbọ́: “kẹ́” kan ni ti irin ìsàlẹ̀ tó bọ́ sínú kòtò ara sìlíńdà, “kẹ́” kejì ni ti hámà tó dúró. Ti sìlíńdà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, tàbí kí wọ́n jọ dún. Bí hámà bá ti dúró tí sìlíńdà kò tíì dé ipò, irin kékeré tó ń tì í yí láti inú ti jẹ nìyẹn. Ẹ dán gbogbo ihò wò, nítorí ọ̀kan péré lè máa pẹ́ kí márùn-ún yòókù dára. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ á máa bó òjé lára ọta, á máa tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó dúró nítòsí ni yóò sì bà.

Bí hámà ṣe wà lẹ́yìn yẹn, ẹ mú ìka kúrò lára tírígà, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti hámà síwájú, kì í ṣe tagbáratagbára. Bó bá já, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ni. Ẹ má fi fáìlì kàn án fúnra yín.

Ẹ wá mú féélà gééjì, ewé irin tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo. Ẹ ti sìlíńdà sẹ́yìn, ẹ wọn àlàfo àárín òun àti ìdí ọ̀pá ìbọn, 0.10 sí 0.25 mm ló dára. Ẹ tì í síwájú, ẹ tún wọn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìmì rẹ̀, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń sún síwá sẹ́yìn tó. Tó bá ti ju 0.1 mm lọ, ó ti tó tún ṣe. Wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń sábà yanjú rẹ̀.

Ìmì yìí tún lè fà á tí hámà fi ń lu ọta tí kò dún, torí sìlíńdà á sún síwájú, agbára lílù á dín kù. Ẹ wo ìdí ọta tí kò dún: ṣé ojú àpá rẹ̀ jìn? Bí kò bá jìn, tó sì jẹ́ rìfọ́fà ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson, ẹ wo síkúrù kékeré iwájú èèkù, èyí tó ń tẹ sípíríìngì. Àwọn kan máa ń tú u díẹ̀ kí tírígà lè rọ̀. Ẹ dè é tán pátápátá. Òróró àtijọ́ tó ti dì bí oje igi náà ń fa irú rẹ̀.

Sìlíńdà kò ṣí ńkọ́? Lára Smith & Wesson tó ti wà ṣáájú nǹkan bí 1960, ọ̀pá tí a fi ń ti èèpo ọta jáde máa ń tú fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún la ń yí i sí láti dè é. Ẹ fi èèpo ọta òfìfo sínú ihò kí ẹ tó dè é, kí ìràwọ̀ irin ẹ̀yìn sìlíńdà, èyí tó ń gbé èèpo ọta jáde, má baà lọ́.

Abẹ́ ìràwọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀tù tí kò jó máa ń kó sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kán òróró síbẹ̀, torí òróró ló ń mú ẹ̀tù lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń da èèpo jáde, ẹ kọ imú ìbọn sókè gangan, kí ìdọ̀tí lè bá wọn jábọ́.