Bí ẹ ṣe lè fi fóònù yẹ erìgì yín wò

Ẹ kú àsìkò yìí o. Dókítà eyín ni mí. Erìgì la fẹ́ fi fóònù yẹ̀ wò lónìí.

Kí ẹ tó ṣí áàpù kankan tó ń fi fọ́tò yẹ erìgì wò, ẹ wọ inú kámẹ́rà yín, ẹ pa "beauty", èyí tó ń mú kí ojú máa dán nínú fọ́tò. Mi ò ṣàwàdà o. Màmá kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, erìgì ń dán bíi ti ọmọ jòjòló. Ìgbà tí wọ́n jókòó síwájú mi, irin kékeré ni mo fi kàn án, ẹ̀jẹ̀ ti dé. Kámẹ́rà ló bá wọn pa àtíkè sí erìgì!

Ẹ fi omi ṣan ẹnu. Ẹ dúró sójú fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má lo fìlásì, itọ́ á kàn máa dán ni. Ẹ̀yìn ṣíbí tó mọ́ ni kí ẹ fi gbé ètè sókè, báyìí. Kí ẹnìkan bá yín fi kámẹ́rà ẹ̀yìn yà á: iwájú, ọ̀tún, òsì.

Ó yá, ẹ fún áàpù ní fọ́tò yẹn. Pupa àti wíwú ló ń wá. Ẹ wo ẹran ṣóńṣó tó wà láàárín eyín méjì yìí: tó bá ti rí roboto, ó ti wú. Erìgì ọ̀pọ̀ wa dúdú látilẹ̀wá, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n fi fọ́tò erìgì òyìnbó nìkan kọ́ lè pè é ní àrùn, ó sì lè má rí pupa tó sá pamọ́ sábẹ́ dúdú. Wíwú ni kí ẹ tẹjú mọ́ ju àwọ̀ lọ.

Áàpù náà lè bi yín bóyá ẹ ń mu sìgá. Ẹ má purọ́ fún un. Sìgá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè hàn, àrùn á sì máa jẹ erìgì lábẹ́lẹ̀.

Tó bá wá ní kò sí nǹkan ńkọ́? Ẹ wo irin ọwọ́ mi yìí, àmì mìlímítà ló wà lára rẹ̀. Láàárín eyín àti erìgì tó le koko, 1 sí 3 ló máa ń wọlé. Tó bá wọ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Fọ́tò kò lè wọn ìyẹn. Eegun tó di eyín mú, X-ray ló ń rí i.

Ẹ kọ ọjọ́ sí fọ́tò yín, kí ẹ mú un dání wá. Àmọ́ tí eyín bá ti ń mì, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ fi ti fọ́tò sílẹ̀, ẹ wọkọ̀.