Bí Linux Ṣe Ń Wá Ètò Tí Ẹ Bá Pè

Ẹ ṣí tẹ́mínà lórí Linux, ẹ kọ python3, kí ẹ sì tẹ Enter. Ètò náà ṣí lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò sọ fódà tó wà, ta ló wá bá yín wá a rí?

Bash ni, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá kọ sínú tẹ́mínà. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá alias (orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún àṣẹ kan) tàbí function (àkójọ àṣẹ tí wọ́n fún lórúkọ) lorúkọ náà, tàbí àṣẹ tí Bash fúnra rẹ̀ gbé sínú, bíi cd. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó di inú PATH, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn fódà tó yẹ kó wá ètò sí. Ẹ kọ echo "$PATH", ẹ ó rí nǹkan bí èyí:

/usr/local/bin:/usr/bin:/bin

Kólọ̀ǹ ló la àwọn fódà náà láàárín. Láti apá òsì ni Bash ti ń wá a bọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí, tó sì láṣẹ àtiṣiṣẹ́, ló ń mú; kò ní wo ìyókù mọ́. Ibí gan-an ló ń dà á rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: wọ́n fi python3 tuntun sórí ẹ̀rọ, ti àtijọ́ ló ṣì ń jẹ́ wọn, torí fódà tirẹ̀ ló ṣíwájú. type -a python3 á to gbogbo wọn fún yín, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bash tún máa ń rántí ibi tó ti rí ètò kan tẹ́lẹ̀. Àṣẹ hash -r ló ń pa ìrántí yẹn rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí fódà tiyín ṣíwájú, ẹ fi ìlà yìí sí ìsàlẹ̀ ~/.bashrc, fáìlì tí Bash máa ń kà bí ẹ bá ṣí tẹ́mínà, kí ẹ wá ṣí tẹ́mínà tuntun:

export PATH="$HOME/bin:$PATH"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ $PATH tó kẹ́yìn yẹn. Láìsí i, àwọn àṣẹ bíi ls àti nano á dàwátì: "command not found". Wọ́n ṣì wà lórí dísìkì o, Bash ni ò mọ ibi tí yóò wò. Ẹ kọ export PATH=/usr/bin:/bin, kí ẹ lè ráyè tún fáìlì náà ṣe.

Lórí Windows, sẹmikólọ̀ǹ ni wọ́n ń lò, cmd, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Bash níbẹ̀, sì máa ń wo fódà tí ẹ wà ṣáájú PATH. Linux kì í wò ó àyàfi bó bá wà nínú PATH, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kọ ./ ṣáájú orúkọ ètò tó wà níwájú yín. Ààbò ni: ẹnikẹ́ni lè ju fáìlì burúkú kan tó ń jẹ́ ls sínú /tmp, fódà tí gbogbo èèyàn lè kọ nǹkan sí, kó wá jẹ́ òun ló máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá kọ ls níbẹ̀. Torí náà, ẹ má fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo (.), tó túmọ̀ sí fódà tí ẹ wà, sínú PATH, kí ẹ sì ṣọ́ kólọ̀ǹ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, tàbí ọ̀kan tó ṣẹ́kù sí ìparí. Fódà tí ẹ bá wà ni Bash ń ka àyè òfìfo yẹn sí.